Orúkọ Wo Ni Kí A Pe Ìbọ̀wọ́? Àròjinlẹ̀ lórí Ohun Alápòpọ̀ àti Òdodo Lẹ́nu Ibodè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún sọ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Òwe méjèèjì yìí kò tako ara wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà láàárín wọn tí a kì í sábà dúró wò. Òwe kìíní sọ pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń bí orúkọ. Òwe kejì sọ pé bí a bá ti sọ orúkọ tán, orúkọ náà ni yóò máa darí ohun tí ó ń jẹ́ ẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹrù tí ó wúwo ni ẹni tí ń sọ nǹkan lórúkọ gbé, nítorí bí kò bá wo ilé dáadáa, ìjánu tí ó fi sí ọmọ lẹ́nu kò lè jẹ́ ìjánu òdodo. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí ni èyí: bí ohun kan bá jẹ́ àpòpọ̀ oríṣiríṣi nǹkan, kí ni a ó fi mọ ohun tí ó jẹ́ gan-an, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́?

Àwọn òǹkàwé wa lè máa retí pé inú ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì ni n ó ti mú àpẹẹrẹ wá. Ẹnu ibodè ni mo ti mú tèmi, lọ́dọ̀ àwọn tí ń gba owó lórí ọjà, ìbọ̀wọ́ àwọn eléré ìdárayá sì ni ọjà náà. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ dé ìdí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè ńlá kan ti jókòó lé e lórí, ohùn àwọn adájọ́ náà kò sì ṣọ̀kan.

Oníbodè àná àti ti òní

Ní ayé àtijọ́, àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá ní ibodè. Oníbodè a máa jókòó sí ẹnu rẹ̀, a máa wo ẹrù tí oníṣòwò rù, a sì máa gba owó ẹyọ lórí rẹ̀ kí ó tó yọ̀ǹda kí ó wọlé. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀, ọgbọ́n orí rẹ̀ àti àṣà ìlú ni òfin. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, ó di ire fún oníṣòwò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kánjúwà, ta ni a ó fi sùn?

Lóde òní, ìwé ni ibodè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, ọdún 1983, ní ìlú Brussels, a ṣe àdéhùn kan tí ó pín gbogbo ọjà ayé sí ìsọ̀rí, àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1988. Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé ni ó ń bójú tó o. Àwọn orílẹ̀-èdè àti àgbègbè ìṣòwò tí ń lò ó ti lé ní 200. Abala 21 ni ó ní, a sì to orí rẹ̀ dé 97, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fi orí 77 sílẹ̀ lófìfo nítorí ọjọ́ iwájú. Nọ́ńbà mẹ́rin ni a fi ń mọ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí orí, méjì tí ó tẹ̀ lé e ń tọ́ka sí ipò ọjà nínú orí náà. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ń lò ó. Ìwé owó ibodè àjùmọ̀lò ti ECOWAS, tí orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2015, dúró lórí àwọn nọ́ńbà kan náà, ó sì pín owó ibodè sí ìpele márùn-ún: ìdá 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú 100.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú gbogbo èyí kò ju ọ̀kan lọ. Orúkọ ni ó ń mú nọ́ńbà wá, nọ́ńbà ni ó sì ń mú iye owó wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yí orúkọ ọjà padà ti yí owó rẹ̀ padà.

Ìbọ̀wọ́ tí a lé jáde kúrò ní ilé eré

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù dùndún ṣe àpẹẹrẹ. Igi ni a gbẹ́ ṣe ara rẹ̀, awọ ni a fi bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ọṣán tí a fi dè é awọ ni, ṣaworo tí ń dún létí rẹ̀ ide ni. Bí ẹnìkan bá kó dùndún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ǹjẹ́ aṣọ́bodè yóò máa béèrè bóyá igi ni tàbí awọ? Kò ní béèrè. Òfin ti ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún ohun èlò orin tí a ń lù, èyí tí í ṣe 92.06, ohun yòówù tí a ìbáà fi ṣe é. Iṣẹ́ tí ìlù ń ṣe ni ó fún un lórúkọ.

Ènìyàn yóò rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn ìbọ̀wọ́ eléré yóò rí, nítorí pé orí 95 wà fún ohun ìṣeré àti ohun èlò eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n àlàyé tí ó ṣáájú orí náà lé ìbọ̀wọ́ jáde pátápátá. Ó ní kí a pín in gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ike, kí ó lọ sí 39.26, bí ó bá jẹ́ rọ́bà, 40.15, bí ó bá jẹ́ awọ, 42.03, bí ó bá jẹ́ aṣọ tí a fi abẹ́rẹ́ kọ́ bí aṣọ òtútù, 61.16, bí ó bá jẹ́ aṣọ híhun, 62.16. Àwọn tí ó ṣe òfin náà tilẹ̀ fún ìbọ̀wọ́ awọ tí a ṣe fún eré ìdárayá ní nọ́ńbà kékeré tirẹ̀, 4203.21, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ aṣọ híhun kò rí irú rẹ̀ gbà nínú ìwé àgbáyé náà.

Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìbọ̀wọ́ eléré òde òní kì í ṣe nǹkan ẹyọ kan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè jẹ́ awọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ́ aṣọ, rọ́bà lè wà ní ìka rẹ̀, kí tìmùtìmù àti ike líle sì wà láàárín láti gba ọwọ́ lọ́wọ́ ìpalára. Kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, ó dà bí àjàò. Nínú ìtàn tí a ń pa fún àwọn ọmọdé, nígbà tí àjàò kú, àwọn eku ní kì í ṣe ará àwọn nítorí pé ó ní ìyẹ́. Àwọn ẹyẹ ní kì í ṣe ará àwọn nítorí pé ó ní eyín. Báyìí ni òkú rẹ̀ ṣe wà nílẹ̀ tí kò rí ẹni sin ín. Aṣọ́bodè kò ní àǹfààní láti fi àjàò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ó sin ín síbì kan.

Ohun tí èdè wa sọ

Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀-ìṣe *bọ̀*, ọ̀rọ̀-orúkọ *ọwọ́* àti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *ì-* ni a fi ṣẹ̀dá *ìbọ̀wọ́*: ohun tí a ń ti ọwọ́ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni *ìbọ̀sẹ̀*, *ìborùn* àti *ìgbálẹ̀* rí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ohun tí a fi ṣe é fún wa. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó sọ. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí a fi ṣe é, ẹ̀yìn ni a ń fi ìyẹn sí: *ìbọ̀wọ́ awọ*, *ìbọ̀wọ́ aṣọ*. Nínú àpólà orúkọ náà, iṣẹ́ ni olórí, ohun tí a fi ṣe é ni ẹ̀yán.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ àsọdùn. Èdè kan náà yìí ni ó ń pe òrùlé ní páànù, tí ó sì ń pe ohun tí a fi ń pọnmi ní ike tàbí rọ́bà. Èyí fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì ni ọmọ ènìyàn ń gbà sọ nǹkan lórúkọ: nígbà mìíràn ó ń béèrè pé, “Kí ni èyí ń ṣe?”, nígbà mìíràn ó ń béèrè pé, “Kí ni a fi ṣe èyí?” Orúkọ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tí a béèrè kò lè mọ̀ bóyá òdodo ni ìdáhùn.

Ẹjọ́ ìbọ̀wọ́ ní ilẹ̀ Kánádà

Eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀ ní Kánádà, họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ń pè é. Àwo rọ́bà líle kan ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, ó sì lè sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Aṣọ́lé ni ó dúró dè é. Ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ní pátákó pẹlẹbẹ tí ó fi ń gbá a padà. Èkejì fẹ̀ bí agbọ̀n tí ó fi ń hán an. Aṣọ àti ike ni a fi ṣe ìbọ̀wọ́ méjèèjì.

Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Igloo Vikski kó irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ wọ Kánádà. Àwọn aṣọ́bodè ní aṣọ híhun ni, 62.16. Ilé-iṣẹ́ náà ní ohun wíwọ̀ oníke ni, 39.26. Owó ibodè tí ó wà lórí méjèèjì kò dọ́gba. Ní 2013, ìgbìmọ̀ tí ń dá ẹjọ́ òwò àgbáyé ní Kánádà dá àwọn aṣọ́bodè láre. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ìdájọ́ ìgbìmọ̀ padà sípò rẹ̀. Adájọ́ mẹ́jọ ni ó fọwọ́ sí i. Adájọ́ Suzanne Côté nìkan ni kò gbà.

Kókó ìjà náà kì í ṣe bí aṣọ ti pọ̀ tó àti bí ike ti pọ̀ tó. Ètò ìrònú ni wọ́n ń jà sí. Òfin mẹ́fà ni ó wà fún pípín ọjà, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Òfin Kìíní ní kí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí àti àlàyé tí ó wà níwájú rẹ̀. Òfin Kejì fi kún un pé ohun tí a bá dárúkọ lè ní àdàlù nínú. Bí ìsọ̀rí méjì bá ṣì lè gba ọjà kan náà lẹ́yìn èyí ni a tó lè gun Òfin Kẹta. Àlàyé tí ó wà lórí 39.26 sọ̀rọ̀ nípa ohun wíwọ̀ tí a fi ike pẹlẹbẹ rán tàbí tí a fi lẹ̀ pọ̀, ìgbìmọ̀ sì rí i pé a kò ṣe àwọn ìbọ̀wọ́ yìí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ilẹ̀kùn 39.26 ti tì ní àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gòkè sí i. Ní ti Adájọ́ Côté, irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu, nítorí pé kò jẹ́ kí Òfin Kejì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ìsọ̀rí méjèèjì lè dúró lójú kan náà kí a tó yan èyí tí ó yẹ.

Ìwà

Òfin Kẹta gan-an ni ó fa ọkàn mi jù. Ó ní kí a kọ́kọ́ wá ìsọ̀rí tí ó júwe ọjà náà ṣàkó jù. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, kí a béèrè pé èwo nínú àwọn èròjà rẹ̀ ni ó fún un ní ohun tí mo lè pè ní ìwà rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nìkan. Àwọn olùtúmọ̀ òfin náà ní a lè wo irú èròjà náà, títóbi rẹ̀, iye rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, owó rẹ̀, tàbí ipa tí ó ń kó nínú lílò ọjà náà.

N kò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá èyí mu ju ìwà lọ. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe *wà* ni a ti rí i. Ìwà ni bí nǹkan ṣe wà, ìwà náà sì ni bí ènìyàn ṣe ń hùwà. Lójú àwọn baba wa, wíwà ohun kan àti ìṣe rẹ̀ kì í ṣe méjì. Bí a bá wo ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé ní ọ̀nà yìí, a ó béèrè pé: bí a bá yọ ike kúrò lára rẹ̀, ǹjẹ́ yóò ṣì gba ọwọ́ là? Bí a bá yọ aṣọ kúrò, ǹjẹ́ ọwọ́ yóò ṣì rí ibi wọ̀? Ike ni ó ń dáàbò boni, aṣọ ni ó sọ ọ́ di ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀ràn yìí rọrùn kò tíì rò ó dénú.

Àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìpín kan sí ìparí Òfin Kẹta: bí a bá wá ìwà títí tí a kò rí i, kí a mú ìsọ̀rí tí nọ́ńbà rẹ̀ gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a ń gbèrò. Ìyẹn dà bí ìgbà tí a dìbò. Àwọn kan lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òye ọmọ ènìyàn ní ààlà, ó sì sàn kí ìbò tí gbogbo ayé mọ̀ ṣáájú yan ìsọ̀rí ju kí inú rere tàbí inú burúkú òṣìṣẹ́ kan yàn án lọ.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a wá orúkọ tí ó rọjú?

Bí orúkọ bá ń mú owó wá, oníṣòwò yóò wá orúkọ tí owó rẹ̀ kéré. Ṣé irọ́ ni ó ń pa? Ní 1881, irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà. Àwọ̀ ni òfin ìgbà náà fi ń díwọ̀n owó ibodè ṣúgà. Èyí tí ó bá mọ́ jù ni owó rẹ̀ ga jù. Àwọn kan wá ń ṣe ṣúgà tí ó dúdú, bẹ́ẹ̀ ni adùn rẹ̀ kò dín. Ìjọba ní ẹ̀tàn ni. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe ẹ̀tàn, níwọ̀n ìgbà tí a kò fi ohunkóhun pamọ́ tí a sì gbé ọjà náà síwájú aṣọ́bodè bí ó ṣe rí. Mo fara mọ́ èyí. Àwọ̀ ni òfin béèrè, àwọ̀ ni wọ́n sì fi dáhùn. Bí òfin bá béèrè ìbéèrè tí kò tọ́, òfin ni kí a tún ṣe.

Àpẹẹrẹ kejì le ju ìyẹn lọ. Ní 2003, ilé ẹjọ́ òwò àgbáyé ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Toy Biz, tí ń kó ère kéékèèké àwọn akọni inú ìtàn X-Men wọlé. Owó ibodè ọmọláńgídi jẹ́ ìdá 12 nínú 100, ti ohun ìṣeré mìíràn jẹ́ ìdá 6.8. Ọmọláńgídi sì ni èyí tí ó bá ṣojú fún ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn akọni yìí kì í ṣe ènìyàn, ilé ẹjọ́ sì gbà fún un lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹkún tí àwọn akọni náà ń sun nínú ìtàn wọn ni pé ayé kò gbà pé ènìyàn ni àwọn. Lójú òfin, kò sí irọ́ níbẹ̀, nítorí pé ìrísí ère ni a béèrè. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ìtàn nípa ẹ̀tọ́ àwọn tí a kò kà sí ènìyàn, tí ó wá dé ẹnu ibodè tí ó ní wọn kì í ṣe ènìyàn lóòótọ́, kò dá ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin, ṣùgbọ́n ó ti ná díẹ̀ nínú iyì rẹ̀. Òfin lè dá ènìyàn sílẹ̀ níbi tí ìwà kò dá a sílẹ̀.

Agbára ẹni tí ń sọ orúkọ

Ojú oníṣòwò nìkan ni a ti ń wò láti ìṣáájú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì. Ẹni tí ó ń sọ orúkọ ní agbára ju ẹni tí ń san owó lọ. Ní 1893, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí oníṣòwò kan tí ń jẹ́ John Nix pe alákòóso ibodè New York nítorí tòmátì. Òfin 1883 gba ìdá 10 nínú 100 lórí ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n èso wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ní èso ni tòmátì. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ó ní èdè tí ọjà àti ilé ìdáná ń sọ ni òfin ń sọ, ẹ̀fọ́ sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Nix pàdánù, ṣùgbọ́n a sọ ìdí rẹ̀ fún un. Igloo Vikski náà pàdánù, ṣùgbọ́n ìpele mẹ́ta ni ó ti rojọ́, a sì kọ èrò adájọ́ kan ṣoṣo tí kò gbà sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn mẹ́jọ. Nínú èyí ni mo ti rí ohun tí ó sọ ìsọmọlórúkọ di òdodo. Kò lè jẹ́ pé orúkọ tí a yàn kò ní àbùkù, nítorí ìbọ̀wọ́ alápòpọ̀ kò ní orúkọ tí kò lábùkù. Ohun mẹ́rin ni: kí ètò wà tí a mọ̀ ṣáájú, kí a má ṣe gun òkè àtẹ̀gùn kí a tó tẹ ìsàlẹ̀, kí a sọ ìdí, kí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọnù, a ti padà sọ́dọ̀ oníbodè àtijọ́ tí a kò mọ ẹni tí a ó fi sùn.

Láti orí ọjà dé orí ènìyàn

Iṣẹ́ olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wa ń kọ́. Olùkọ́ náà, oníbodè ni. Kò sí ọdún tí kò ní pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí, tí kò ní fún wọn ní nọ́ńbà. Alápòpọ̀ sì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan tí yóò jókòó níwájú rẹ̀: ó lè gbó nínú ìṣirò kí ó gọ̀ nínú gírámà, ẹnu rẹ̀ lè wúwo kí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá, ebi lè ti ilé bá a wá. Mélòó nínú wa ni a kò tíì gbọ́ kí olùkọ́ pe ọmọ ní “olódo” ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí ó mọ̀ ọ́n? Kò ka àlàyé, kò wo èròjà, kò wá ìwà. Òkè pátápátá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ọmọ náà yóò máa rìn síbi tí ìjánu bá fà á sí.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ìbọ̀wọ́ àti ọmọ, ó sì yẹ kí a fi í sọ́kàn. Ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ẹyọ kan, nítorí pé owó ibodè kò lè ní iye méjì. Ọmọ ènìyàn kò sí lábẹ́ irú dandan bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí. A lè sọ pé ó mọ èyí, kò mọ ìyẹn, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí yóò dà lọ́la. Bí àwọn orílẹ̀-èdè bá lè fi òfin mẹ́fà, ìgbìmọ̀ kan àti ilé ẹjọ́ méjì wá òdodo fún ìbọ̀wọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti fara balẹ̀ wo ilé dáadáa kí a tó sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ.